Ọbẹ̀ Tó Ń Ti Òkè Odò Wá

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun máa pè mí lópùrọ́ nígbà tí mo bá sọ̀rọ̀ tán, kó dìde báyìí, kó tó fọwọ́ kan ẹran tó ń gbẹ lórí iná yìí, nítorí ẹran ọdẹ kì í ṣe oúnjẹ aláìgbàgbọ́. Èmi Ọdẹ́jìmí tí ẹ ń wò yìí ti rí ẹfọ̀n tó fi orúkọ ìyá mi bú mi, mo sì ti bá iwin pín orógbó jẹ lọ́sàn-án gangan. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ti àna mi ni, Ọdẹ́rìndé, ọkọ Ṣẹ́gilọlá àbúrò mi. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ibi tó fi pamọ́ níbẹ̀, àbúrò mi ló sọ ọ́ fún mi.

Ọdẹ́rìndé mọ ìbọn yìn, ìyẹn kò ṣeé jiyàn. Àmọ́ ọkùnrin náà fura ju ẹtu lọ. Bí o bá kí i pé ẹ kú àárọ̀, á kọ́kọ́ yọjú wo ẹ̀yìn rẹ, kó lè mọ ẹni tó rán ọ wá. Bí òjò bá ṣú, á ní ta ló ṣú u. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Ẹni tó ń lo oògùn, á lò ó nígbà tí ara rẹ̀ kò bá yá. Ọkùnrin yìí ń jẹ ẹ́ bí oúnjẹ ni.

Ìdí-Àpá ni wọ́n ń gbé, odò Eléwé sì ni ìlú yẹn fi ń jẹun. Bí ọyẹ́ bá dé, gbogbo igi etídò á wọ́wé sínú omi, ewé á sì kó jọ sísàlẹ̀ odò bí ẹní tí wọ́n tẹ́ léra. Inú ewé yẹn ni alákàn ń gbé, edé ń gbé ibẹ̀, ìṣáwùrú ń gbé ibẹ̀. Ewé yẹn náà ni wọ́n ń jẹ títí àkọ́rọ̀ òjò á fi dé. Àwọn ará ìlú á wá máa kó alákàn nílẹ̀ bí ẹni ń ṣa àgbàdo. Bó ti wù kí ẹ̀rùn le tó, ebi kò mọ ọ̀nà Ìdí-Àpá.

Àfi lọ́dún kan tí ọyẹ́ kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tí ìsàlẹ̀ odò fi mọ́ fónífóní. Yanrìn rèé, òkúta rèé, ewé dà? Àwọn alákàn jáde sórí ilẹ̀, wọ́n rù, wọ́n ń rìn bí ẹni tí wọ́n lé nílé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó tún rí bẹ́ẹ̀, ó tiẹ̀ yá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ebi wọ ìlú. Ara kò rọ ẹnikẹ́ni mọ́. Ọ̀rẹ́ kò ní kí ọ̀rẹ́ tán kó tó yọjú wo inú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ń gba etídò kọjá, ojú á tẹ̀ lé e títí á fi wọlé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn obìnrin ń pọn omi, odò là sí méjì, Olómi-Tútù tó ni odò náà sì jáde. Obìnrin gíga ni, koríko odò ni irun rẹ̀, ẹja àrọ̀ ń sùn léjìká rẹ̀. Ó wo wọn lọ, ó wo wọn bọ̀.

"Ẹnìkan ń jí ewé mi," ó ní. "Àwọn ọmọ mi ń kú lẹ́bi. Ẹ wá olè náà fún mi kí àkọ́rọ̀ òjò tó rọ̀. Bí ẹ kò bá rí i, ẹni tí ẹ bá fura sí jù lọ nínú yín ni màá mú lọ, kò sì ní padà wá mọ́."

Ẹ gbọ́ irú ìdájọ́ yìí! Kò ní ẹni tó jẹ̀bi o, ó ní ẹni tí wọ́n bá fura sí jù. Kí omi tó padé tán, ojú gbogbo wọn ti lọ sára àbúrò mi. Iṣẹ́ kí ni Ṣẹ́gilọlá ń ṣe? Ewé ló ń já létídò. Ewé gbódògì àti ewé eéran ló ń dì tà fún àwọn ẹlẹ́kọ. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rò ó. Ẹni tó ra ewé lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ dá ewé padà kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Ṣé ẹ wá rò pé ọkọ rẹ̀ máa gbèjà rẹ̀? Ọdẹ́rìndé wọlé, ó bá a níbi tó ti ń di ewé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ṣẹ́gilọlá, ṣé ìwọ ni?"

Ọwọ́ àbúrò mi dúró lórí okùn.

"Baálé mi," ó ní, "ewé tútù ni mò ń já. Ewé tó ti bọ́ sómi tó ti dúdú, kí ni mo fẹ́ fi í dì?"

Ó di ewé rẹ̀ tán, ó sì wọ yàrá lọ. Ká ní mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni, èmi tí mo fi ẹsẹ̀ kan gbá ìnàkí ṣubú lórí igi, à bá ti máa fi ìtàn mìíràn ṣeré báyìí. Ọdẹ́rìndé dúró títí, ojú tì í díẹ̀, ó gbé ìbọn àti àpò ọdẹ rẹ̀, ó ní òun ń lọ sókè odò láti lọ mú olè náà wá. Ṣé torí kó lè gba ìyàwó rẹ̀ là ló ṣe lọ ni, àbí torí kó lè mọ̀ dájú pé ìyàwó náà kọ́ ni olè? Ìbéèrè yẹn ni Ṣẹ́gilọlá ń bá sùn, òun ló ń bá jí, ní gbogbo ìgbà tí ọkọ rẹ̀ kò sí nílé.

Bí Ọdẹ́rìndé ṣe wọ Igbó Àìwẹ̀yìn, ó bá iwin kan tó jókòó sójú ọ̀nà. Etí mẹ́ta ló ní, ẹ̀kẹta wà níwájú orí, wọ́n sì ń pè é ní Elétí-Mẹ́ta.

"Ọdẹ, kì í ṣe ìbọn la fi ń kọjá níbí," iwin náà wí. "Àlọ́ la fi ń kọjá. Kí ló ń jẹun láìlẹ́nu, tó ń sùn sórí oúnjẹ rẹ̀, tó jẹ́ pé ibi tó bá ti jẹun ni ẹlòmíràn ti ń rí jẹ?"

"Ta ló rán ọ pé kí o bi mí?" Ọdẹ́rìndé dáhùn.

"Mo ní kí lo rò pé ó jẹ́?"

"Ikán ni."

"Ikán lẹ́nu. Ó lẹ́nu ju ìwọ gan-an lọ."

"Iná ni, àbí kí ni?"

"Iná ń jẹ, kì í ṣẹ́kù fún ẹnìkan."

"Irọ́ ni àlọ́ yẹn, kò ní ìdáhùn! Ìwọ gan-an lo mọ ibi tí ewé wà!" Ọdẹ́rìndé fò mọ́ ọn. Wọ́n wọ̀yá ìjà, wọ́n fi ara gbá igi, ẹyẹ sá kúrò nínú igbó. Níkẹyìn Elétí-Mẹ́ta gbé e sókè bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́, ó ki ewé kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó ní, "Bí o kò bá gbà mí gbọ́, lọ bi í fúnra rẹ̀!" Ó bá jù ú sínú odò.

Ewé ẹnu rẹ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí omi pa á. Ó rì títí ó fi tẹ ìsàlẹ̀, ó sì bá ìlú kan níbẹ̀. Lórí ewé ni wọ́n kọ́lé sí. Ìran olú ni àwọn ará ìlú náà, ṣùgbọ́n wọn kò ní fìlà bí olú inú igbó. Funfun ni wọ́n, wọ́n rí bí òwú, bí funfun tó máa ń hù sára ẹ̀kọ tó bá ti bu. Wọn kò lẹ́nu, bí àlọ́ iwin ṣe wí, wọn kò sì lẹ́sẹ̀. Ara ewé náà ni wọ́n dùbúlẹ̀ sí, ewé ń yọ́ lábẹ́ wọn bí iyọ̀. Kí Ọdẹ́rìndé tó ṣẹ́jú, ewé kan ti tán, wọ́n ti ṣí lọ sórí òmíràn. Bàbá kan ni olórí wọn, Tẹ́ẹ́rẹ́ ni orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìbú rẹ̀ kò lè gba ẹnu ìlẹ̀kùn kọjá.

Àna mi wo orúkọ, ó wo ikùn. "Ìwọ tí o ń jẹ́ Tẹ́ẹ́rẹ́ tí o sanra báyìí, oúnjẹ ta lo jẹ? Ọwọ́ ti tẹ olè!"

Ó na ìbọn sí i. Kí ó tó yìn ín, òwú funfun ti yí i ká láti ọrùn dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹ̀kọ.

"Rọra, ọmọ èèyàn," Tẹ́ẹ́rẹ́ wí, gbogbo ara rẹ̀ ló sì fi sọ̀rọ̀. "Ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sómi, ó le, ó korò, alákàn kò lè jẹ ẹ́. Àwa la ń wọ inú rẹ̀, à ń mú un rọ̀, a sì ń fi ara tiwa gan-an mú un dùn bí ẹni fi epo sí ẹ̀wà. Nígbà náà ni alákàn á tó jókòó tì í. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ la ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, a kò pa ẹnikẹ́ni lébi rí."

"Kí ló wá dé báyìí?"

"Ọbẹ̀ ló dé. Ewé nìkan, òkèlè láìsí ọbẹ̀ ni. Ta ló lè sáré jẹ òkèlè láìsí ọbẹ̀? Bí a ṣe ń gbé e mì díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀rùn fi ń parí, ewé kò sì ní tíì tán. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, ọbẹ̀ ń ṣàn wá bá wa láti òkè odò. Ọbẹ̀ náà dùn, ó ń fúnni lágbára. A jẹ, a sanra, a bímọ, àwọn ọmọ bímọ, gbogbo wa sì da ọwọ́ bo àwo. Ká tó gbórí sókè, àwo ti mọ́, alákàn sì ń wò wá lójú."

"Ta ló ń se ọbẹ̀ náà?"

"Ọdẹ, a kò béèrè. Ìwọ ńkọ́, bí wọ́n bá gbé ọbẹ̀ síwájú rẹ, ṣé o máa ń béèrè?"

"Mo máa ń béèrè," Ọdẹ́rìndé wí, òótọ́ ni ó sì sọ. Wọ́n tú u sílẹ̀.

Ṣé ẹ rò pé ó gbà wọ́n gbọ́? Olè tí ẹnu rẹ̀ dùn, òun ló burú jù, ohun tó ń sọ lọ́kàn nìyẹn. Ó gòkè odò títí ó fi dé ibi tí omi ti pín sí apá méjì, ọ̀kan ń ti ọ̀tún wá, ọ̀kan ń ti òsì. Ibẹ̀ ló ti rántí iṣẹ́ rẹ̀. Ọdẹ tí kò bá mọ ọ̀nà tí ẹran gbà, pàkúté ló máa ń dẹ. Ó ṣa ewé tó ti gbẹ lábẹ́ igi afàrà kan ṣoṣo, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ewé yìí le ju tọ̀hún lọ. Ó gé àwọ̀n àpò rẹ̀ sí méjì, ó pín ewé náà sínú wọn dọ́gba, ó so ọ̀kan mọ́ gbòǹgbò lápá ọ̀tún, ó so ìkejì lápá òsì. Ó wá jókòó sí àárín, ó ń ṣọ́ ewé bí ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ ìṣúra ọba. Ebi pa á, ẹ̀fọn jẹ ẹ́, kò kúrò níbẹ̀.

Nígbà tó fa àwọ̀n méjèèjì jáde, ẹnu yà á. Ewé apá ọ̀tún ṣì wà bí ewé. Ó ti dúdú díẹ̀, funfun díẹ̀ wà lára rẹ̀, edé méjì sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń jẹun jẹ́jẹ́ bí àgbà níbi ìkómọ. Ti apá òsì? Egungun ewé ló kù. Iṣan ewé nìkan ló wà nínú àwọ̀n, o lè gba inú rẹ̀ wo òdì kejì.

"Òótọ́ ni bàbá yẹn sọ," Ọdẹ́rìndé wí fún ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ṣòro fún un láti sọ. Ó kó àwọ̀n méjèèjì sí àpò, ó sì gba apá òsì lọ.

Ibẹ̀ ni ìlú Ọlọ́rẹ wà. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí ìlú tí wọ́n ti ń fi orí rìn, mo ti rí ibi tí ajá ti ń jọba, ṣùgbọ́n n kò rí ìlú tí wọ́n ti mọ oore bíi ti Ọlọ́rẹ. Bí o bá kí wọn, wọ́n á fún ọ ní nǹkan. Bí o bá dúpẹ́, wọ́n á tún fi kún un. Nígbà tí Ọdẹ́rìndé máa dé etídò wọn, tọkùnrin tobìnrin ló ń ru apẹ̀rẹ̀ bọ̀. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ ló kún àwọn kan, eérú ló kún àwọn mìíràn. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ń da á sínú omi, wọ́n ń kọrin ọpẹ́.

"Ẹ dúró! Apànìyàn ni yín!" Ó na ìbọn sí wọn.

Baálẹ̀ wọn, Ayédùn, tẹ́wọ́ sí i pẹ̀lú ẹ̀rín. "Àlejò, ẹ kú ìrìn. Ta la pa? Odò yìí ń fún wa lómi lójoojúmọ́, kò bèèrè nǹkan kan rí. Àwa náà wá wò ó pé kí la lè fún un. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ ló mú kí iṣu wa ta. Ohun tó mú ilẹ̀ sanra, ṣé kò ní mú omi sanra?"

Ọdẹ́rìndé ro gbogbo ọ̀rọ̀ fún wọn. Ó fi àwọ̀n méjèèjì hàn wọ́n. Wọ́n wo ara wọn, ẹ̀rín sì kúrò lójú wọn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ti ń fura sí afura.

"Ìlara nìyí," ẹnìkan wí láti ẹ̀yìn. "Àwọn ará ìsàlẹ̀ kò fẹ́ kí odò mọ orúkọ wa."

"Ẹni tó bá da omi síwájú, ilẹ̀ tútù ló máa tẹ̀," Baálẹ̀ wí. "Oore kì í gbé. Ẹ jẹ́ ká jẹun ná, a kì í bá àlejò jiyàn lórí ebi."

Àṣà wọn ní Ọlọ́rẹ ni pé àlejò ló ń kọ́kọ́ jẹun. Odindi iyán ilé ni wọ́n máa gbé síwájú rẹ̀, wọ́n á máa bu ọbẹ̀ sí i láìdíwọ̀n, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ sọ pé ó tó. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni baálé àti àwọn ará ilé á jẹ. Àna mi gbóòórùn ọbẹ̀, ó ní kí Baálẹ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Baálẹ̀ ní èèwọ̀ ni. Ó wo ọbẹ̀, ọbẹ̀ wò ó. Ẹ̀gúsí tó lé sókè, tó ní ẹran igbó gbígbẹ. Ebi sì ti ń pa á láti ibi tó ti ń ṣọ́ ewé. Ó bu òkèlè kan. Kò kú. Ó bu ìkejì. Wọ́n ń bu ọbẹ̀, ó ń bu iyán. Ọbẹ̀ ń sọ̀rọ̀ sí iyán, iyán ń dáhùn. Ó tú bọ́tìnnì, ó ń jẹ lọ, títí ìka rẹ̀ fi ń ha ìdí àwo.

Ìgbà náà ni ìyá Baálẹ̀ jáde láti inú ilé, arúgbó tí kò lè dúró láìsí ọ̀pá, ó mú àwo kékeré tirẹ̀ lọ́wọ́. Ó wo inú àwo iyán. Ó da àwo tirẹ̀ dé, ó sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Wọ́n ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ìtìjú mú Ọdẹ́rìndé tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè nu ọwọ́ rẹ̀.

"Baálẹ̀," ó ní, "ká ní ẹ gbé iyán yìí fún mi láìsí ọbẹ̀, báwo ni ǹ bá ṣe jẹ ẹ́?"

"Díẹ̀díẹ̀ ni. Bóyá ẹ kì bá tí lè jẹ ju òkèlè mélòó kan lọ."

"Ìyá á sì rí jẹ?"

"Ìyá á rí jẹ."

"Ta ló wá jẹ oúnjẹ ìyá? Ṣé èmi ni, àbí ẹ̀yin tí ẹ ń bu ọbẹ̀?"

Gbogbo wọn ń wo arúgbó náà àti àwo tó dojú dé.

"Bó ṣe rí nísàlẹ̀ odò nìyẹn," Ọdẹ́rìndé wí. "Èmi ni Tẹ́ẹ́rẹ́. Ìyá ni alákàn. Wọ́n sì fẹ́ tìtorí rẹ̀ mú ìyàwó mi lọ, ẹni tí kò mú nǹkan kan."

Omi bọ́ lójú Baálẹ̀. "Oore la rò pé à ń ṣe," ó ní. Ìyá rẹ̀ ló dá a lóhùn láti ẹ̀gbẹ́ ògiri: "Ayédùn, àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ẹ kó ìgbẹ́ ewúrẹ́ yín lọ sóko iṣu. Kí ẹnìkan sì wá gún iyán mìíràn fún mi." Wọ́n búra lójú ibẹ̀ pé àwọn kò ní da nǹkan sínú odò mọ́. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n tún ṣe? Wọ́n di ẹrù ẹ̀bùn fún un: aṣọ òfì, ìlẹ̀kẹ̀, iṣu, oyin. Kò sí bí wọ́n ṣe lè fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo.

Bó ṣe jáde lójú ọ̀run ṣú. Ó sáré, ẹrù lórí, ìbọn léjìká, ààrá ń kù lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó máa fi dé Ìdí-Àpá, gbogbo ìlú ti pé sétídò. Wọ́n ti ti Ṣẹ́gilọlá síwájú, wọ́n sì ti sún sẹ́yìn kúrò lára rẹ̀. Olómi-Tútù ti di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, omi ti dé orókún rẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn ń wo ojú àwọn tó ń ra ewé lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń wo ilẹ̀.

"Ìyá, ẹ fi í sílẹ̀!" Ọdẹ́rìndé ké.

"Olè dà?"

"Ìyá, ta ló ń gba ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti eérú tí wọ́n ń dà sómi lókè?"

Ojú Olómi-Tútù là. "Ẹ̀bùn mi nìyẹn. Àwọn nìkan ló mọyì mi."

"Ẹ̀bùn yẹn ló jẹ ewé yín." Ó ju àwọ̀n méjèèjì síwájú rẹ̀, ó sì sọ bó ṣe so wọ́n àti ibi tó so wọ́n sí. Olómi-Tútù gbé èyí tó jẹ́ egungun ewé sókè, ó wo ojú ọ̀run láti inú rẹ̀, ó pẹ́ kó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Gbogbo ìgbà tó ń wá olè káàkiri, ẹnu rẹ̀ ni ohun tí ó ń jà á lólè ń gbà wọlé. Ó tú ọwọ́ Ṣẹ́gilọlá sílẹ̀. Kò dágbére, ó rì sínú omi lọ. Bẹ́ẹ̀ ni àkọ́rọ̀ òjò bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ará Ìdí-Àpá yára, ẹ ò rí i! Ẹni tó ní adìyẹ sá lọ mú adìyẹ wá, ẹni tó ní aṣọ gbé aṣọ wá, wọ́n ń kó o jọ síwájú àbúrò mi lórí ẹrẹ̀. Ọkọ rẹ̀ náà tú ẹrù rẹ̀, ó tẹ́ aṣọ òfì, ó to ìlẹ̀kẹ̀ lé e, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ṣẹ́gilọlá kò wo nǹkan kan níbẹ̀.

"Ẹ gbé ẹrù yín kúrò nílẹ̀ kó má baà tutù," ó ní. "Ẹnu lẹ fi ń pè mí lólè láti ọjọ́ yìí wá. Ẹnu náà ni mò ń retí. Baálé mi, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bi mí."

Ọdẹ́rìndé, ọkùnrin tí kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ rí, dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀, òjò ń pa ẹ̀yìn rẹ̀. "Ṣẹ́gilọlá," ó ní, "mo fura sí ọ. Wọn kò tíì sọ ọ́ lójú mi tí mo fi rò ó. O kò ṣe nǹkan kan. Mo bẹ̀ ọ́."

"Mo gbọ́," àbúrò mi dáhùn. "Ẹ dìde."

Ó nu omi òjò kúrò lójú, ó wá yíjú sí ìlú tó kù. "Ẹ tò sílà. Ẹnìkọ̀ọ̀kan."

Wọ́n tò láti etídò dé ẹnu ọ̀nà ọjà, olówó àti tálákà, àwọn ẹlẹ́kọ ló ṣáájú. Òjò náà kò dá títí ilẹ̀ fi ṣú, Ṣẹ́gilọlá kò sì kánjú pẹ̀lú ẹnikẹ́ni.

Ìtàn mi dé etídò, ó bu omi mu, ó dákẹ́.